Ọ̀gá Ó-ti-kú

Ọkùnrin tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ní òpópónà wa, Ó-ti-kú là ń pè é. Kì í ṣe lójú rẹ̀ o. Lójú rẹ̀, Ọ̀gá ni. Ṣùgbọ́n kò sí ohun téèyàn gbé dé iwájú rẹ̀ tí kò ní wò fún ìṣẹ́jú méjì, kó mi orí, kó ní, "Ó ti kú." Tìdùnnú-tìdùnnú ló máa ń sọ ọ́.

Oṣù mẹ́fà ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Wọ́n jà, ó kúrò, ó ní òun ti mọ gbogbo rẹ̀ tán. Yàrá kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ pín in. Ìyàwó ń ránṣọ lápá ọ̀tún. Ọ̀gá ń pa láptọ́ọ̀pù lápá òsì. Àwọn tó ti pa wà lórí ara wọn ní igun yàrá, wọ́n ga dé ìbàdí mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí a sin ẹ̀gbọ́n mi ni mo gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ síbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ni kò ṣeé tẹ̀ mọ́. Ìyẹn nìkan ló ṣe é. Kíláàsì kẹrin ni mo ti kúrò nílé ìwé, ẹ̀gbọ́n mi ló ń kọ́ mi ní ìwé kíkà. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á tẹ ẹ̀kọ́ sínú láptọ́ọ̀pù yẹn, èmi á kà á, màá tẹ ìdáhùn sísàlẹ̀. Ó ní òun ti tẹ ogójì sílẹ̀ dè mí. Ìkọkàndínlógún la ṣe tán tó fi kú. Àwọn tó kù ò sí níbòmíràn.

Ó-ti-kú ki wáyà kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù, ó ní òun fẹ́ fi dán an wò. Kíbọ́ọ̀dù ọ̀hún ti gbó, tíì mímu ti dà sí i lára, ó lẹ̀ mọ́ tábìlì. Kò pẹ́, ọfà kékeré ojú láptọ́ọ̀pù dúró. Fáànù ń pariwo. A tẹ ibi gbogbo, kò dáhùn. Ó gan.

"Ó ti kú," ni ọ̀gá wí.

Mo ní ó wà láàyè nígbà tí mo gbé e wọlé. Ó ní ọmọdé ni mí, n ò mọ àìsàn inú. Ó wá ń ṣàlàyé bí ẹni tó ń wàásù. Ó ní gbogbo nǹkan tó wà lára láptọ́ọ̀pù ló ní aago tó fi ń pe ọpọlọ rẹ̀. Tí aago bá dún, ọpọlọ á fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á lọ dáhùn, á tún padà. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá ń lu aago láì dákẹ́, ọpọlọ ò ní ráyè iṣẹ́ kankan mọ́. Ó ní bọ́ọ̀dù inú tèmi ló ń lu aago. Ó ní kí òun kọ́kọ́ fọ́máàtì rẹ̀, kí òun nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ nù. Tí kò bá jí, kí n fi sílẹ̀ fún òun.

Àlàyé yẹn dáa. Ẹni tó ń ṣe é ni kò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ó pa á, ó tún tàn án. Ó tún gan. Ìyàwó rẹ̀ ò gbójú sókè níbi aṣọ, ó ní,

"Dádì, ṣé kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù yín yẹn ló ń lu aago? Gbogbo èyí tí ẹ bá ki í bọ̀ ló ń gan."

"Abẹ́rẹ́ ni tìẹ. Gbájú mọ́ abẹ́rẹ́."

"Abẹ́rẹ́ tèmi ò pa nǹkan ẹnikẹ́ni rí."

Ọ̀gá ti mú fíláàṣì tó fẹ́ fi nu gbogbo ohun inú rẹ̀ nù dání. Mo na ọwọ́, mo fa wáyà kíbọ́ọ̀dù yọ. Fáànù rọlẹ̀. Ọfà kékeré rìn.

Ó ní ó kàn jí fúnra rẹ̀ ni. Mo ki wáyà padà, ó gan. Mo fà á yọ, ó jí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe é. Ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ń wo òkìtì tó wà ní igun yàrá, ọ̀gá náà wò ó.

Ọ̀gá nu ojú. Ó ní, "Ṣebí mo sọ fún ẹ pé aago ni."

"Ẹ ò sọ pé tiyín ni."

Mo gbé láptọ́ọ̀pù mi. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn ò tíì ṣeé tẹ̀. Kó má ṣeé tẹ̀ mọ́. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, ìyàwó ti dìde, ó ti fi sísọ́ọ̀sì gé wáyà kíbọ́ọ̀dù náà sí méjì, ó ti padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Mo délé, mo wá àwọn ẹ̀kọ́ náà. Nọ́mbà ogún wà níbẹ̀. Ìkọkànlélógún wà níbẹ̀. Ìkejìlélógún, àkọlé nìkan ló ní, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́.

Irọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi pa fún mi. Ó fẹ́ kí n máa rò pé ó ṣì pọ̀.

Mo ka nọ́mbà ogún lọ́jọ́ yẹn. Èyí tó kù, n ò tíì ṣí i.