Ọjọ́ tí Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Wa Borí

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ ayé mi, n kò ní gbàgbé Sátidé tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa borí. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí àwa òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì kan ní Agége ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, a kò sì borí ẹnikẹ́ni rí ṣáájú ọjọ́ náà. Èmi ni aṣọ́lé tó ń mú bọ́ọ̀lù.

Lọ́jọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan láti Ìkẹjà ló wá bá wa gbá a. A gbá a títí, kò sẹ́ni tó jẹ góòlù. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, rẹfirí fún wọn ní pẹnáritì.

Bàbá Ṣẹ́gun, kóòṣì wa, pariwo pé, “Lékan, má dijú o!”

Mo dijú. Bọ́ọ̀lù bà mí lójú gbì, mo ṣubú, n kò sì mọ nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí mo lajú, wọ́n ń da omi lé mi lórí, àwọn èèyàn sì ń jó.

Mo bi Bàbá Ṣẹ́gun pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó wọlé?”

“Wọlé kẹ̀! Ojú ẹ ló ta á padà. Ràṣídì bá gbé e sáré, ó lọ gbá a sílé wọn. A ti borí!”

Wọ́n gbé mi sọ́rùn, wọ́n ń pè mí ní akọni.

Láti ọjọ́ náà, a kò tíì borí mọ́. Gbogbo èrò pápá ló rí góòlù yẹn, àfi èmi. Ìyàwó mi, tó kórìíra bọ́ọ̀lù, tó kàn wá pè mí sílé lọ́jọ́ náà, ló máa ń ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó ti mọ̀ ọ́n ròyìn débi pé Ràṣídì fúnra rẹ̀ máa ń wá jókòó gbọ́ ọ.