Àtẹ̀gùn Keje Ń Gbó

Bí pákó bá ti dún lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan, bàbá tó ń ṣọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì àwọn oníṣòwò àtijọ́ l'Apọ́ngbọ̀n ni mo máa ń rántí. Àtẹ̀gùn keje ilé náà máa ń pariwo gan-an, ṣùgbọ́n bàbá ò jẹ́ kí káfíńtà kankan kan ìṣó mọ́ ọn.

"Ajá mi nìyẹn," ni wọ́n máa ń wí. "Kì í jẹun, ó sì ń gbó."

Láàárọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ pa á lórí kí wọ́n tó ṣí àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ojú mi báyìí ni olè kan ṣe tẹ̀ ẹ́, tó fò gba ojú fèrèsé, tí ṣòkòtò rẹ̀ há síbẹ̀, tó sì sá dé Òkè Àrin láìwọ ṣòkòtò.

Bàbá ti kú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá kan láti ìjọba wá wò ó bóyá kí wọ́n tún ilé náà ṣe ni àbí kí wọ́n wó o. Ó ní kí èmi tí mo ti darúgbó sí àdúgbò náà sọ ìtàn ilé náà. Mo ní, "Ọ̀gá, àtẹ̀gùn keje yẹn, ó ń gbó!"

"Ó ti gbó?" Ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Rárá o! Gbígbó bí ajá ni mo wí!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣàwàdà."

Ó gòkè, ó fi ọ̀dà pupa fa àmì ìwólé sára ògiri. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ àtẹ̀gùn keje. Mo gbàdúrà kó bù ú jẹ. Ó kàn gbó ni.