Òrùlé Ń Jò, Òrùlé Ń Jó

Kí obìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí tó gbaṣẹ́ olóṣù, yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà kan, àti ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ búlúù. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé, àwọn èèyàn ni kì í fẹ́ gbọ́. Bí ẹnì kan bá tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù láti fi wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun ló ń rí sí i pé ilé iṣẹ́ tó gbéṣẹ́ fún òun ni ẹni náà máa kọ́kọ́ rí. Àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ ọ́ ní Afinisíwájú. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ a máa sọ fún ẹni tó bá béèrè pé ọmọ òun kò tíì ríṣẹ́, ó kàn wà nílé.

"Ó kàn wà nílé" yìí ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí pé ó kàn wà nílé, òun ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ní kó bá òun lọ mú àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́. Òun ni aládùúgbò ń kó kọ́kọ́rọ́ fún pé kó bá òun dúró de ẹni tó máa tún ẹ̀rọ omi ṣe. Bó bá ní òun ń ṣiṣẹ́, wọ́n á wo aṣọ ilé tó wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́fà ló fi ń gbé ìbínú yẹn mì. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan tó ń ta páànù, tó sì ń tún òrùlé ṣe, ilé iṣẹ́ tó ti ń bá ṣiṣẹ́ láti ìta fún ọdún mẹ́rin, ní kó wá di òṣìṣẹ́ àwọn, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fẹ́ káàdì òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gbé kọ́rùn. Ó fẹ́ kí ìyá òun rí bí òun ṣe ń wọ bàtà jáde láàárọ̀ bí ọmọ tó níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́rin tó fi bá wọn ṣiṣẹ́ láti ìta yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Kì í jókòó sílé kó máa hùmọ̀ ọ̀rọ̀ látinú ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, a máa lọ jókòó ti obìnrin tó ń gba fóònù níbẹ̀, a tẹ́tí, a sì máa kọ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pè sínú ìwé búlúù rẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí i pé kò sẹ́ni tó ń pè láti béèrè "ìbòrí ilé ìgbàlódé" tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ògiri ọ́fíìsì. Ẹni tí omi ń kán sí lórí ibùsùn kò ráyè ẹwà èdè. Ohun tó ń sọ ni pé òrùlé òun ń jò. Ohun tó sì ń tẹ̀ náà nìyẹn, láìsí àmì kankan, torí ta ló fẹ́ máa wá àmì ohùn lórí fóònù nígbà tí bẹ́ẹ̀dì ń tutù? Orule n jo. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà ó kọ ojú ìwé kan, ó pe àkọlé rẹ̀ ní "Òrùlé ń jò: ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ ṣe". Gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀. Kó ohun tí omi lè bà jẹ́ kúrò níbẹ̀. Fa wáyà yọ lára ògiri. Wo ibi tí omi ti ń wọlé, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, lẹ́yìn náà kó o pè wá. Kò lọ jìnnà mú ọ̀rọ̀ yìí. Yàrá ìyá rẹ̀ ló ń jò lápá fèrèsé lọ́dún tó kọ ọ́, ohun tó sọ fún ìyá náà lórí fóònù ló sì kọ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ojú ìwé kankan tó ṣíwájú rẹ̀, ìdajì àwọn tó ń pe ilé iṣẹ́ náà ló sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n gbà wá.

Nígbà yẹn, ọ̀gá ìpolówó, ọmọkùnrin kan tí kò ju àbúrò rẹ̀ àbíkẹ́yìn lọ, a máa dìde kí i. Ẹ káàbọ̀, mà. Kí lẹ rí sí i, mà? Bí ẹ bá ti sọ ọ́, ó ti parí. Ohun tó bá sì sọ, wọ́n á ti ṣe é kó tó délé.

Ọjọ́ Ajé tó gbé káàdì kọ́rùn ni "ẹ" kú. "O ti dé? Àga rẹ wà lọ́hùn-ún." Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni lọ́hùn-ún yẹn, níbi tí ooru ẹ̀rọ náà ti ń fẹ́ sí i lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo ẹni tó bá wá mú ìwé sì ń bi í bóyá bébà ti tán. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò dun òun, ipò ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọ náà. Irọ́ ló ń pa. Àgbàlagbà tí ọmọdé ń pè ní "ìwọ", tó ní kò dun òun, ẹ tún un bi léèrè lẹ́ẹ̀kejì. Nínú gbogbo ilé iṣẹ́ náà, obìnrin tó ń gba fóònù nìkan ni kò yí ohùn padà.

Kì í sì í ṣe "ẹ" nìkan ló kú, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà bá a kú. Ohun tí wọ́n ń fi ọjọ́ kan ṣe nígbà tó wà níta wá di ohun tí à ń pe ìpàdé lé lórí, ìpàdé ń bí ìpàdé. Bó bá lanu, ọ̀gá ìpolówó á ní àwọn ti mọ ohun tó fẹ́ sọ, ará ilé ni. Ará ilé wá di ẹni tí a kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ ń yọ̀. Ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun wà ní ọ́fíìsì, ó sì ti há orúkọ ilé iṣẹ́ náà sórí.

Nígbà tí oòrùn ṣì ń mú, tí kò sẹ́ni tó rántí òjò, ọ̀gá ìpolówó mú onímọ̀ràn méjì wá láti ìta. Ó dìde kí wọn. Ó ń pè wọ́n ní "ẹ". Afinisíwájú ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Wọ́n ní kó kó àkójọ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ fún wọn, ó sì kó o fún wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n padà wá, wọ́n gbé àwòrán sára ògiri. Àwòrán ilé tó ń jó bùlà bùlà ni. Wọ́n ní àwọn ti rí ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ jù, orule n jo, ó sì ya àwọn lẹ́nu pé ilé iṣẹ́ náà kò tíì fi ọ̀rọ̀ yìí ta páànù rẹ̀ tí iná kì í mú.

Ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé ọ̀gá ìpolówó ń mi orí, ó nawọ́ sókè, ó sì ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé jò ni, kì í ṣe jó. Pé etí òun ni òun fi gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníbàárà. Pé ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í jókòó tẹ fóònù, sísá ló ń sá. Ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ràn náà rẹ́rìn-ín, ó ní òǹkà ni àwọn ń tẹ̀ lé, àwọn kì í tẹ̀ lé etí.

"O ti fẹ́ràn ojú ìwé yẹn jù," ni ọ̀gá ìpolówó wí. "Jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ṣe é."

Ẹ gbọ́ o. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Wọ́n pa ojú ìwé rẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́ náà. Lẹ́tà gàgàrà ni wọ́n fi kọ èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, wọn kò sì fi àmì kan sí i, kó lè bá ohun tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ mu: ORULE N JO? JADE NINU ILE BAYII. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kéèyàn má dúró kó ẹrù, kó má sì padà wọlé àfi bí ẹnì kan bá dé. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti wá ń polówó páànù. Afinisíwájú kọ ímeèlì, wọ́n kọ etí ikún sí i. Ó kọ òmíràn, wọ́n ní kó lọ gba fọ́ọ̀mù. Ó gba fọ́ọ̀mù, ó fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n ní ó di ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ó kìlọ̀ fún wọn pé lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, ìtìjú ló máa bá gbogbo wọn. Ìtìjú ni ẹ̀rù rẹ̀ mọ sí, kò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Wọ́n wà nínú ìpàdé nígbà tí obìnrin tó ń gba fóònù ṣílẹ̀kùn wọlé. Ó ní fóònù kò sinmi mọ́, èébú ni àwọn tó ń pè ń bú, pé wọ́n lé àwọn jáde sínú òjò. Ọ̀gá ìpolówó ní kó lọ máa dá wọn lóhùn. Obìnrin náà kò lọ. Afinisíwájú ló ń wò.

"Fóònù ìyá yín ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, mà," ó ní. "Wọ́n ní àwọn ti wà níta láti aago kan."

Aago mẹ́ta ti kọjá.

Ó bá ìyá rẹ̀ lórí àga rọ́bà níwájú ilé, lábẹ́ agboòrùn tí irin rẹ̀ kan ti ṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ẹ̀kún omi, ó sì fi ọ̀rá we fóònù rẹ̀ mọ́ àyà. Ìyá náà kò bínú. Bí ẹni tó ṣe ohun tó tọ́ ló jókòó. Ó ní nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, òun kò fẹ́ yọ ọmọ òun lẹ́nu níbi iṣẹ́, òun fi ìka kan tẹ orule n jo, ilé iṣẹ́ ọmọ òun ló sì jáde. Àwòrán kankan kò yọ lórí fóònù rẹ̀, torí òjò ti ba nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́. Ọ̀rọ̀ nìkan ló rí.

"Wọ́n ní kí n jáde, kí n má kó ẹrù," ó ní. "Mo ní àwọn tí ọmọ mi ń bá ṣiṣẹ́ ò lè tàn mí."

Nínú yàrá, omi ti mu bẹ́ẹ̀dì yó. Àpótí páálí tí wọ́n kó gbogbo fọ́tò bàbá rẹ̀ sí, bàbá tó ti kú, tí kò tún ní ya òmíràn, wà lábẹ́ fèrèsé níbi tó ń wà láti ọjọ́ yìí wá. Ìṣẹ́jú kan péré ni ìbá gba ìyá náà láti gbé e kúrò. Ó ṣí i, àwọn fọ́tò ti lẹ̀ mọ́ra, ojú bàbá rẹ̀ sì ń bó mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Ìyá rẹ̀ béèrè. Wọ́n tún ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló sọ òkò yìí. Ó di ọwọ́ ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ mú títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kò sunkún. Ìbínú kò jẹ́ kí ẹkún ráyè jáde. Ó pa aṣọ dà fún ìyá rẹ̀, ó mú un lọ sílé ara rẹ̀, ìyá náà sì ń wúkọ́ tọ̀sán tòru.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ ló bá lórí tábìlì rẹ̀. Wọ́n ní kó ṣàlàyé ìdí tí ojú ìwé òrùlé fi da àwọn oníbàárà láàmú, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun ló kó ọ̀rọ̀ náà fún àwọn onímọ̀ràn. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé àpótí páálí tó mú dání láti ilé, ó wọ yàrá ìpàdé, ó sì gbé e kalẹ̀ níwájú ọ̀gá ìpolówó, pẹ̀lú ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ṣì tutù.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "ìyá mi jókòó sínú òjò fún wákàtí méjì nítorí ohun tí o kọ. Mo sọ fún ọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìgbà tí mo wà níta lò ń gbọ́ tèmi, mò ń padà síta."

Ọ̀gá ìpolówó wo àwọn tó jókòó, ó wo àpótí náà.

"Èmi lò ń pè ní ìwọ?"

"Ìwọ ni."

Ó bọ́ káàdì lọ́rùn, ó fi sórí ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ náà, ó gbé àpótí bàbá rẹ̀, ó lọ. Kí a má purọ́, ẹ̀rù bà á bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìbínú kì í san owó ilé. Ṣùgbọ́n kò bojú wẹ̀yìn.

Ó padà sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìdáná. Oníbàárà àtijọ́ méjì padà, ẹ̀kẹta ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí wọn yóò fi tún òrùlé tirẹ̀ ṣe, ó sì wá fi ojú ara rẹ̀ rí i bí ọmọ òun ṣe ń jókòó láti àárọ̀, tí kì í jẹun lásìkò. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún ní kó bá òun lọ mú àwọn ọmọ, ìyá náà ní kí ẹ̀gbọ́n lọ mú wọn fúnra rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, òjò ń rọ̀, fóònù Afinisíwájú dún lórí tábìlì ilé ìdáná. Ìyá rẹ̀ ló gbé e. Ọkùnrin kan ní ẹ káàsán, mà. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, mà, òun fẹ́ bá màdáàmù sọ̀rọ̀, ilé iṣẹ́ páànù ló ń pè, wàhálà ojú ìwé òrùlé kò tíì tán, bí màdáàmù bá lè gba àwọn, ohun tí màdáàmù bá ní kí àwọn ṣe ni àwọn máa ṣe.

Ìyá náà wo ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn tó wà ní títì.

"Ó wà lẹ́nu iṣẹ́," ó ní. "Òrùlé yín ọ̀hún, ṣé jíjò ló ń jò, àbí jíjó ló ń jó?"

"Jíjò ni, mà," ni ọkùnrin náà wí.

"Ẹ jáde síta," ni ìyá náà wí. "Ẹ má dúró kó ẹrù."

Ó pa fóònù náà, ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì padà sídìí ìkòkò tó gbé kaná.