Imú Alágbàfọ̀ àti Àjàrà Ìkẹyìn

Ní ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí òjò ń fọ́n wínníwínní, ni alágbàfọ̀ ilé ìwòsàn àti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin kọ́kọ́ pàdé, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná kan tí kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ. Alágbàfọ̀, tí ó jẹ́ ìyàwó tuntun nígbà náà, gbé ife ọtí àjàrà tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe dání, láti fi kí ẹ̀gbọ́n káàbọ̀. Ẹ̀gbọ́n, tí ó ti ń ṣe búrẹ́dì láti ìgbà èwe rẹ̀, kò tíì jókòó rárá tí ó fi gbé imú lé ife náà. Ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dá a padà, ó ní, "Ìyàwó, o ṣeun. Èyí á dáa fún fífọ fèrèsé." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbé inú ilé kan náà, alágbàfọ̀ lókè, oníbúrẹ́dì nísàlẹ̀. Wọ́n ń kí ara wọn láàárọ̀, wọ́n ń kí ara wọn nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan kò tún gbé ife lé ẹnì kejì lọ́wọ́ mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀mùtí ni alágbàfọ̀ yìí. Láti agogo mẹ́fà òwúrọ̀ títí di agogo mẹ́ta ọ̀sán ni ó máa ń dúró nídìí ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń lọ aṣọ ìbùsùn àwọn aláìsàn, tí ooru yóò máa fẹ́ lù ú lójú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì wú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní láti tú okùn bàtà kí ó tó lè gun àtẹ̀gùn ilé. Àárẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe àárẹ̀ ọjọ́ kan. Ó ti di ẹrù tí ó ń gbé sùn, tí ó sì ń gbé jí.

Ohun kan ṣoṣo tí kì í rẹ̀ ẹ́ láti ṣe ni ọtí àjàrà. Igi àjàrà kan wà tí ó fà mọ́ ògiri ẹ̀yìn ilé. Lọ́dọọdún, bí èso rẹ̀ bá ti pọ́n, yóò ká a, yóò yọ èso kúrò lára ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nítorí pé igi ibẹ̀ a máa mú ọtí korò, yóò sì fi ọwọ́ lásán fún un, nítorí pé ẹ̀rọ a máa fọ́ kóró inú rẹ̀, kóró sì tún korò ju igi lọ. Yóò wọ́n ìwúkàrà sí i. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni yóò máa fi ọmọ orógùn ti èèpo tó léfòó wọ inú omi rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, yóò sẹ́ ẹ, yóò dà á sínú ìgò ràbàtà kan, yóò sì fi rọ́bà tínínrín dí i lẹ́nu, tí orí kejì rọ́bà náà wà nínú omi, kí afẹ́fẹ́ inú ìgò lè jáde, kí ti ìta má sì lè wọlé. Kò ní ìwé tí ó ń wò, kò sì ní ẹ̀rọ tí ó fi ń wọ̀n ọ́n. Imú rẹ̀ ni ó ń sọ fún un pé ó tó, tàbí pé kò tíì tó.

Lọ́dún yìí, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀. Èkíní ni pé, lẹ́yìn ìkórè, onílé gé igi àjàrà náà lulẹ̀ pátápátá, ó ní òun fẹ́ mọ ògiri tuntun. Ohun tó wà nínú ìgò nìkan ló kù nínú ogún ọdún ó lé. Èkejì ni pé òtútù mú alágbàfọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí ó sì ń lọ, ó lọ bí ayálégbé tí ó kó ẹrù rẹ̀ tán tí ó tún yọ ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Alágbàfọ̀ kò gbóòórùn ọṣẹ mọ́. Kò gbóòórùn aṣọ tó ń jó lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó di oṣù méjì, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àní ọkọ rẹ̀ pàápàá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, bí ó ti ń bọ́ bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ lókè, ó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Ẹ̀yin ará òkè! Kí ló kú síbẹ̀?"

Ọkọ alágbàfọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkun ilé lọ́dà, yọ orí lójú fèrèsé. "Ẹ̀gbọ́n mi, àfi bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ mi o."

"Òórùn ẹsẹ̀ tìẹ, mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Èyí yàtọ̀."

Alágbàfọ̀ yíjú sí ìgò ràbàtà náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá tí ìgò náà ti dẹ́kun híhó, ó sì yẹ kí ó ti rọ ọtí náà kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àárẹ̀ kò jẹ́. Bí ọtí bá pẹ́ jù lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, a máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ìwòsàn rẹ̀ sì ni kí a máa dà á láti òkè sínú ọpọ́n, kí afẹ́fẹ́ gbé òórùn náà lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ó ti fẹ́ di ọtí kíkan ni, afẹ́fẹ́ gan-an ni yóò pa á. Ṣe ni èèyàn yóò fi rọ́bà fà á jẹ́jẹ́, tí kò ní jẹ́ kí ó ta sókè. Oògùn àrùn kan, májèlé àrùn kejì ni. Imú nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ó bu díẹ̀ sínú ife, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀. "Baálé mi, ẹ bá mi gbóòórùn ẹ̀."

"Èmi tí mo ti ń fa ọ̀dà símú láti ọgbọ̀n ọdún? Gbé òkú eku wá, máa ní òdòdó ni." Ó wò ó. "Ìwọ tó o ní imú, kí ló dé tó o fi ń bi mí? Dà á nù, jàre. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù."

"Kí n dà á nù? Níbo ni òmíràn wà?"

Alágbàfọ̀ wọ bàtà láìso okùn rẹ̀, ó di ògiri mú, ó sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ń gbá ìyẹ̀fun kúrò lórí tábìlì. Ó rí ife náà. "Ìyàwó, mi ò fọ fèrèsé lónìí o."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbóòórùn ẹ̀ fún mi."

"Imú tìẹ dà?"

Alágbàfọ̀ wolẹ̀. "Ó ti kú. Látìgbà òtútù yẹn, mi ò gbóòórùn nǹkan kan mọ́."

"Oṣù méjì! Búrẹ́dì tí mo fi rán ọkọ ẹ lóṣù tó kọjá ńkọ́, tó o ní òórùn ẹ̀ gba gbogbo ilé kan?"

"Irọ́ ni mo pa, ẹ̀gbọ́n mi."

"Hẹn-ẹ́n! Èmi wá ń yan kiri pé ìyàwó yìn mí." Ẹ̀gbọ́n fa àga síta. "Jókòó. Wo bẹ́sẹ̀ ẹ ṣe wú."

Ó gba ife náà, ó dijú, ó fà á símú lẹ́ẹ̀mejì. Alágbàfọ̀ ń wo ẹnu rẹ̀. Ó mọ̀ pé láti ọdún mẹ́tàlélógún ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti wà lẹ́nu obìnrin yìí nípa ọtí òun, kíkan, àti pé bí ó bá sọ ọ́ lónìí, kò sí ọgbọ́n tí òun fi lè yẹ̀ ẹ́ wò.

"Kò kan," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ẹyin tó bàjẹ́ ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń pa ẹyin sí ìyẹ̀fun. Èyí ò lè tàn mí."

"Ó dá yín lójú?"

"Ṣé kí n búra?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi."

"O fẹ́ kí n búra. Èmi náà, tó bá jẹ́ tèmi, máa ní kó o búra."

Wọ́n jọ gun òkè. Alágbàfọ̀ fi rọ́bà fa ọtí náà kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sínú korobá, ó gbé korobá náà sókè débi tí apá rẹ̀ lè dé, ó sì dà á sínú ọpọ́n ńlá, tí ó fi ń hó yaya. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ ba, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ó ṣì wà." Wọ́n tún dà á. "Ó ti ń lọ." Apá alágbàfọ̀ ń gbọ̀n, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń gbọ̀n bí ó bá ti lọ aṣọ igba ibùsùn, ṣùgbọ́n kò gbà kí ọkọ rẹ̀ ran òun lọ́wọ́. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kẹta, ó fẹ́ gbé e lẹ́ẹ̀kẹrin.

"Dúró!" Ẹ̀gbọ́n gbá korobá náà mú. "Ó tó. Tó o bá tún dà á, o máa pa èyí tó kù."

"Òórùn kí ló wà níbẹ̀ báyìí?"

Ẹ̀gbọ́n tún fà á símú. "Àjàrà. Òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sórí ewé. Ó dáa, ìyàwó. Kì í ṣe ti fèrèsé."

Alágbàfọ̀ jókòó sórí àpótí. Ó gbé imú lé ọpọ́n náà, ó fà á títí, ṣùgbọ́n bí ẹni fa omi gbígbóná lásán ni. Ó nu ojú pẹ̀lú etí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọtí náà yè, ṣùgbọ́n kò kún ìgò ràbàtà mọ́, nítorí pé a ti yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ kúrò; àlàfo tó ṣẹ́kù lókè rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò gbà á, yóò sì sọ ọ́ di kíkan ní tòótọ́. Ó ní láti wọ inú ìgò kéékèèké, kí wọ́n kún dé ọrùn, kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé. Ìgò mẹ́rìnlélógún ni yóò gbà á. Mẹ́tàlá péré ló wà nílé. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ìgò òfìfo bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án láìfi ọṣẹ kún un, kí ẹ gbé e wá fún oníbúrẹ́dì nísàlẹ̀, kí alágbàfọ̀ má baà sọ̀kalẹ̀ wá gbà á.