Èékánná Tó Wọnú Ẹran Àbúrò Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ẹ̀jìgbò níbí, ẹni tó bá ti Àbíjàn dé kì í rìn bí àwa yòókù. Àbúrò bàbá mi ọkùnrin kọ́ṣẹ́ télọ̀ dé láti ibẹ̀, wọ́n sì wọ bàtà aláwọ kan bọ̀, tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ. Bàtà náà fún wọn pinpin, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé gbajúmọ̀ kì í sọ pé bàtà òun fún.

Kò pẹ́ tí èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn fi wọnú ẹran. Ibẹ̀ wú, ọyún ń jáde. Ẹsẹ̀ yìí ni wọ́n fi ń wa maṣíìnì ìránṣọ, òun ló ń bọ́ ìyàwó àtọmọ wọn.

Ìyá bàbá mi ní, "Bọ́ bàtà yìí, kí o ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ oníyọ̀. Bí kò bá rọ̀, o ó lọ ọsibítù."

"Omi iyọ̀ kẹ̀, Màmá? Èmi ará Àbíjàn!"

Ọ̀rẹ́ wọn kan rí wọn tí wọ́n ń tiro bọ̀, ó pè wọ́n bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá lédè Faransé ní Àbíjàn, ó pariwo pé, "Misié! Ṣé ijó Àbíjàn lò ń jó bọ̀ yẹn?" A rẹ́rìn-ín. Àwọn náà bá wa rẹ́rìn-ín, òógùn ń bọ́ lójú wọn.

Nígbà tí wọn ò lè fara dà á mọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi abẹ tí wọ́n fi ń tú aṣọ gbẹ́ igun èékánná náà jáde. Ara tù wọ́n. Nígbà tó tún hù, ó wọlé ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n tún gbẹ́ ẹ. Wọn ò lọ kírun Jímọ̀ mọ́, nítorí gbogbo ènìyàn ní í bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, Ọlọ́run nìkan sì kọ́ ni yóò rí ẹsẹ̀ náà.

Ìgbà tí yàrá ń rùn, tí àtàǹpàkò dúdú bí èédú, ni bàbá mi gbé wọn lọ ọsibítù. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé àtọ̀gbẹ wà lára wọn, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, pé òun ni kì í jẹ́ kí egbò ẹsẹ̀ tètè san. Àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Láti ìgbà náà, ìyàwó wọn ló ń fẹsẹ̀ wa maṣíìnì. Àwọn á jókòó tì í, wọ́n á máa fọwọ́ darí aṣọ.

Ayé ti yí. Lónìí, nọ́ọ̀sì ò jìnnà sí yín, àtará Ìsúndúnrìn àtará Ọlà ní àgbègbè wa níbí. Ẹ gé èékánná yín kí etí rẹ̀ gún, ẹ má gbẹ́ igun rẹ̀. Bàtà tó bá ń fún ọmọ ìka, ẹ bọ́ ọ. Bí ọyún bá ti yọ, ẹ gbé e han nọ́ọ̀sì, pàápàá ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ. Ẹ má tijú. Èékánná tí a gé ń hù padà. Ẹsẹ̀ àbúrò bàbá mi ò hù.