Baba Fetí sí Bẹ́líìtì Ọkọ̀ Mi

Ẹ̀gbọ́n Baba mi obìnrin pè láti Ìlọrin pé òun fẹ́ rí àbúrò òun. Àìsàn ti dá wọn dùbúlẹ̀ láti ìgbà díẹ̀, ohùn wọn sì ti wálẹ̀ lórí fóònù. Bí Baba ṣe gbé fóònù kalẹ̀, èmi ló yíjú sí. "Ọkọ̀ rẹ ńkọ́?" Kò béèrè bóyá mo ráyè. Èmi nìkan ni mo ní ọkọ̀ nínú àwa ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kaduna, èmi náà sì ni dírẹ́bà.

Baba ní ilé kéwú ní Doka, nínú Kaduna. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè tan etí rẹ̀ jẹ. Bí ọmọ kan bá ṣi kéwú kà, Baba á fi ọ̀pá kan wàláà, pátákó ìkéwú ọmọ náà, á ní, "Padà sẹ́yìn." Kì í sì í ṣe ibi tó ti ṣì í kà ni yóò padà sí, ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá ni. Mo jẹ nínú ìyà yẹn dáadáa ní kékeré.

Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Baba, ọmọ Hausa kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ó tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì pè mí kí n wá wo táímìnì bẹ́líìtì, bẹ́líìtì rọ́bà eléyín tó ń mú kí inú ẹ́ńjìnnì máa yí pọ̀ lásìkò kan náà. Ó ti sán káàkiri. Bí ó bá já lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì á kú lójijì, yóò sì bàjẹ́ nínú. Ta ló fẹ́ dúró sínú igbó lójú ọ̀nà Abuja pẹ̀lú arúgbó tí kò ríran dáadáa? A ra tuntun.

Ó ku kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń ti bẹ́líìtì náà kó má baà dẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní tẹ́ńṣọ̀nà. Ti àtijọ́, tó bá ọkọ̀ wá láti òkè òkun, ni mẹkáníìkì nù, tó sì ní orijíná ni. Èmi náà ní kó fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la rí ní Kaduna: ohun tòkunbọ̀ tí ọ́ìlì ti bò ló ń fi wá lọ́kàn balẹ̀ ju èyí tó ṣì wà nínú ọ̀rá ike lọ. Ẹni tó bá ti ra ayédèrú rí á mọ ìdí.

Ó to àwọn àmì ara ẹ́ńjìnnì dọ́gba, ó fi sípánà yí i lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, ó sì ṣe bísímílà kó tó ṣíná. Ẹ́ńjìnnì sì dún! Inú mi dùn, ẹrù wa ti wà nínú búùtù. Baba fi ọ̀pá rẹ̀ wá ọ̀nà bọ̀ nínú babańrígá funfun, ṣùgbọ́n nígbà tó dé iwájú ọkọ̀, ó dúró, ó dẹ etí.

"Kí ló ń ké yẹn?"

"Ẹ́ńjìnnì ni, Baba."

"Mo mọ ohùn ẹ́ńjìnnì. Nǹkan kan ń súfèé lábẹ́ rẹ̀."

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín. "Ba komai, Malam. Zai daina." Ó ní kò sí nǹkan kan, pé á dákẹ́ fúnra rẹ̀.

Baba gbé ọ̀pá, ó fi kan bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi. "Koma baya!" Padà sẹ́yìn.

Inú bí mi. "Baba, ẹ̀gbọ́n yín ń retí yín o! Ohùn tí mi ò tilẹ̀ gbọ́ lẹ fẹ́ torí ẹ̀ dá wa dúró?"

Mẹkáníìkì ni mo wá yíjú sí, kó gbè mí lẹ́yìn. Áà, òun náà ti ka kéwú ní kékeré! Bó ṣe gbọ́ ọ̀pá yẹn, ó nà ró, ó dorí kodò. "To, Malam." Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú gbogbo ohun tó ti dè, láti ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Mo ń bínú, síbẹ̀ ẹ̀rín pa mí.

Baba gba tẹ́ńṣọ̀nà náà, ó yí i létí ara rẹ̀, ó wá yí i sí mi létí. Mo gbọ́ ọ wàyí: ó ń dún bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. A ò rí tuntun rà títí ìrọ̀lẹ́, a ní láti sùn. Ẹ̀rù bà mí pé kí ọ̀la má lọ pẹ́ jù fún ẹ̀gbọ́n Baba.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mẹkáníìkì rí tuntun rà, ó sì dè é. Baba fetí sí i, ó ní "Madalla," pé ó dára, ó sì wọ ọkọ̀. A kọjá àwọn sójà tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní Gonin Gora, ẹ́ńjìnnì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, Baba ń ka kéwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbádùn ìrìn àjò yẹn ju bí mo ṣe rò lọ.

Ní Ìlọrin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lórí ẹní, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Baba tí gbogbo Doka ń tẹríba fún ṣí fìlà, ó lóṣòó sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo dé."

Ẹ̀gbọ́n Baba fọwọ́ pa á lójú, wọ́n fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́. "O ti rù. Ta ló ń fún ọ lóúnjẹ níbẹ̀?" Wọ́n mú wàrà nínú abọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n gbé e sí i lẹ́nu. Baba la ẹnu. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́, omijé ń bọ́ lójú mi, inú mi sì ń dùn.

"Jẹ ẹ́ tán," wọ́n ní. Baba sì jẹ ẹ́ tán.