Olùkọ́ Tó Ń Fi Òrùka Kan Tábìlì

Bí òrùka bá ti kan tábìlì, olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa ní Ìkọ̀lé ni mo máa ń rántí. Kíkan yẹn ni wọ́n fi kọ́ wa pé aago kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ léraléra, kí ó lè wo iṣẹ́ mìíràn tó ń dúró dè é.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àgbà fẹ́ ta kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí a ní. Bí wọ́n bá tà á, ẹ̀kọ́ wa parí nìyẹn.

“Tíṣà, ẹ̀rọ yìí ti darúgbó.”

“Kò darúgbó, sà. Aago inú rẹ̀ ló ń pè é jù lẹ́nu uṣẹ́.”

Olùkọ́ wa dín ìpè náà kù. Ìṣirò èsì ìdánwò wa yára sí i, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí mo tẹ̀ kò tètè hàn.

“Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà á rò pé ulé ṣófo,” ni olùkọ́ wa wí, wọ́n sì fi díẹ̀ kún ìpè náà. Lẹ́tà mi ń hàn, ìṣirò náà sì ń lọ.

Ọ̀gá àgbà fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bo olùkọ́ wa lẹ́nu iṣẹ́.

Òrùka kan tábìlì. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ti ń pè mí jù lẹ́nu uṣẹ́.”